Ìgbálẹ̀ Ìyá Kẹ́mi Nínú Ọgbà Olówó

Weston, Toronto
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi, Tíṣà mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àìrí ara ẹni, ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà àìsí iná. Mọ́mì ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti dẹwọ́? Èmi wà dáadáa. Yìnyín ti lọ, àwọn igi etí odò Humber ti yọ ewé, mo sì ti ká jákẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ ní kí n má fi WhatsApp sọ ọ̀rọ̀ gidi, pé fóònù wà fún "ṣé o ti jẹun", lẹ́tà wà fún ohun tó bá jẹ ni lógún. Ó dáa, ohun kan jẹ mí lógún. Mo ti tún gbá gọ́ọ̀fù.

Ẹ rántí Ẹnjiníà Ṣíwọlá tí mò ń pè ní Uncle, alàgbà ìjọ wa tó ń gbé ní Port Credit, àwọn tí mo gbé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tó ni pápá kan lẹ́yìn Richmond Hill, irú èyí tí owó nìkan ò lè mú èèyàn wọ̀. Àfi kí ọmọ ẹgbẹ́ fà ẹ́ lọ́wọ́ wọlé. Ní Sátidé, bí mo ṣe kúrò lẹ́nu shift ní ọsibítù, wọ́n wá gbé mi.

Bàbá mi, ọgbà ni, kì í ṣe pápá. Àwọn igi tó ti dàgbà kí wọ́n tó bí bàbá yín tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí àwọn àgbà ìjọ tó ń dúró de àwo ọrẹ. Òdòdó wà nídìí afárá, òdòdó wà lẹ́yìn àga, òdòdó wà níbi tí wọ́n ti ń fọ bọ́ọ̀lù. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín rẹ̀ kọjá, pẹ́pẹ́yẹ sì ń wẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó san owó ẹgbẹ́. Mo fi ọwọ́ kan koríko ibi ihò, ó rọ̀ ju kápẹ́ẹ̀tì pásítọ̀ wa lọ. Kò sí ẹni tó ń pariwo. Wọn ò gbà kí èèyàn yọ fóònù, ẹ̀wù gbọ́dọ̀ ní kọ́là, jíìnsì sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu géètì nìkan ni mo ti ya fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Uncle ní kí n ya àwọn bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó kàn mí, mo mi ọ̀pá bí ẹ ṣe kọ́ mi, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ Mọ́mì gbá àgbàlá lówùúrọ̀: ọwọ́ òsì ń darí, ìbàdí ń yí, ojú ò kúrò nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbéra, ó kọjá odò, ó balẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́yìn wa pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Uncle na ọwọ́ sí mi, wọ́n sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi nìyẹn."

Ohun kan ló dójú tì mí. Níbi tí ẹ ti kọ́ mi, iyanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì pò ni wọ́n tẹ́ yí ihò ká, ó sì tẹ́jú bíi tábìlì. Tibí, koríko ni; ó ga níbí, ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú ò sì tètè rí i. Mo kàn fi ọ̀pá tọ́ bọ́ọ̀lù, ó yọ̀ lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó rí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Báwo la ṣe ń ṣe é, Bàbá? Ẹ kọ ọ́ sí mi.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́mi


Àpáta, Ìbàdàn
Ọjọ́ keje, oṣù Òkúdù, 2025

Fọlákẹ́mi, ọmọ mi,

Mo fa ìlà sábẹ́ "ọmọ mi" yẹn, kí ẹni tó bá ń yọjú láti ẹ̀yìn rẹ lè rí i kà.

A kú ewu yìnyín. Orúnkún ìyá rẹ wà níbi tó wà. Ó ní òun ṣì ń fi í kúnlẹ̀ nítorí rẹ, nítorí náà kí o má bínú tí kò bá tètè san.

Lẹ́tà rẹ kì í dé ọwọ́ mi lákọ̀ọ́kọ́. Hameedat tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nísàlẹ̀ òpópó wa ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, ó sì gbà pé ara iṣẹ́ òun ni láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, Tíṣà. Mi ò mọ̀ pé Kẹ́mi ti ní bàbá lọ́hùn-ún." Mo gba ìwé mi, mo rìn lọ sílé.

Mo ti wo fọ́tò náà. Mo fi gíláàsì wò ó, mo yọ gíláàsì wò ó, kò yàtọ̀. Ṣé Ẹnjiníà Ṣíwọlá nìyí? Bàtà funfun, ṣòkòtò funfun, ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́ kan ṣoṣo bí ẹni tí ọwọ́ kan ń ṣọ̀fọ̀ èkejì, fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí níwájú kí afẹ́fẹ́ má bàa ṣì í mú. Ó gbé ọ̀pá sókè, kò sí bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Mo mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. A ní ọ̀kan nínú yàrá àwọn olùkọ́ tó máa ń fi bírò mẹ́ta sápò, tí íńkì ò sí nínú ọ̀kankan. Mo tún rí ohun mìíràn nínú bó ṣe gbé ọ̀pá yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Kò sí nínú kíláàsì mi.

O ní ọgbà ni. Mo gbà. Inú ọgbà náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ẹni tó sì sọ̀rọ̀ dídùn níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ rárá, ká má tíì sọ ti bàtà funfun.

"Ọmọ mi nìyẹn." Mo mọ̀ pé gbogbo wa la máa ń pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà pe àìmọye ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, mo sì na púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, kí o wá na ọwọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn, ìyẹn kì í ṣe ìkíni mọ́, ìkórè ni. Ta ló dúró tì ọ́ ní pápá ẹ̀yìn ilé-ìwé wa, tí àwọn olùkọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé Tíṣà ń kọ́ ọmọbìnrin ní eré àwọn mánijà báńkì? Ìgbálẹ̀ ilé ta ni? Ṣé o sọ fún àwọn alátẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ yẹn? Lẹ́tà rẹ kò sọ pé o sọ.

Ìyá rẹ ka ibi tí mo dé yìí láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Tíṣà, owú ni." Mo sọ fún un pé àríwísí ni.

Ní ti koríko tó ga níbí tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún: ìbéèrè tó dára nìyẹn. A ó dé ibẹ̀.

Bàbá rẹ,
O. Adéṣẹ́gun


Weston, Toronto
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Inú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tibí, ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín sí ìbọ̀wọ́ tó ń ṣọ̀fọ̀ títí ẹni tó jókòó tì mí fi dìde. Nígbà tí mo dé ibi "ìkórè", ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Òótọ́ ni, mi ò sọ fún wọn. Àwọn èèyàn yẹn kì í béèrè. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má pe Uncle ní ejò. Àwọn ni wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí mi ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n fẹ́ràn oyè, mi ò jiyàn. Tí wọ́n bá gbé fóònù, "Ẹnjiníà" ló ń ṣáájú "hello". Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Jùwọ́n. Vancouver ló wà, ọjọ́ Kérésìmesì nìkan ló ń pè wọ́n.

Mo sì mọ ìtumọ̀ "a ó dé ibẹ̀", Bàbá. Mo jókòó ní kíláàsì yín rí. Torí náà, Uncle ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n lóṣòó sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí n rò ó pé mo da omi sórí koríko yẹn, kí n wo ibi tí omi náà máa ṣàn gbà. Ibi tí omi bá gbà ni bọ́ọ̀lù máa gbà. Ó rọrùn báyìí, mo sì ti ń jẹ́ kó wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an nìyí. Ní oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ náà máa ń ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Ife Òbí àti Ọmọ. Ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ tó bí ló ń jọ gbá a. Ẹni tó bá gba ife, wọ́n á gbẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì sára pátákó inú gbọ̀ngàn wọn, á sì wà níbẹ̀ títí láé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ rí wa níbi tí a ti ń ṣe ìdánrawò, ó bi Uncle pé ṣé ọmọ wọn nìyí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ àwọn ni. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé bàbá mi nìyí. Ẹ wá sọ fún mi: kí n dúró níwájú àgbàlagbà kí n ní rárá, ẹ kì í ṣe bàbá mi? Ta ló kọ́ mi nírú ẹ̀kọ́ yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Daddy ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni àwa méjèèjì ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ níbí ni akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ. Ó ti kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Kí n gbá a, àbí kí n má gbá a? Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́mi


Àpáta, Ìbàdàn
Ogúnjọ́, oṣù Agẹmọ, 2025

Fọlákẹ́mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Gbá a. Ta ni èmi, tí koríko kò hù níbi tí mo ti kọ́ ọ, tí màá fi dí ọ lọ́nà ife? Sọ fún Ẹnjiníà pé mo yọ̀ǹda. Pátákó dára, mo gbọ́ pé ikán kì í jẹ ẹ́ ní ìlú òtútù. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ orúkọ, rí i pé wọ́n fi àmì ohùn sórí rẹ̀, kó má bàa di orúkọ ẹlòmíràn pátápátá.

Iṣẹ́ pọ̀ fún mi lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ mẹ́ta yìí. Tí o bá pè tí mi ò gbé e, má dààmú.

O. Adéṣẹ́gun,
Olùkọ́ (ó ti fẹ̀yìn tì)

Kẹ́mi, ìyá rẹ ló ń kọ ti ìsàlẹ̀ yìí. Ó rò pé mo fẹ́ ka lẹ́tà yẹn lásán ni. Má gba ohun tó kọ sókè gbọ́. Ó ti yọ irin gọ́ọ̀fù yẹn jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti bẹ́ gbogbo ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi lórí. Mo ní, "Tíṣà, kí ni ẹ̀fọ́ ṣe fún ẹ?" Ó ní òun ń ṣe eré ìdárayá ni. Owú ni, ọmọ mi. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò jowú nítorí tèmi rí, bẹ́ẹ̀ mo lẹ́wà nígbà yẹn.


Weston, Toronto
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti pè títí, Mọ́mì ló ń gbé e, wọ́n á ní ẹ wà lẹ́yìn ilé. Ẹ kì í wà lẹ́yìn ilé tẹ́lẹ̀. Àga yín iwájú ilé ni wọ́n mọ̀ yín mọ́.

Ẹ kọ "gbá a" bí ẹ ṣe máa ń kọ "ó tiraka" sínú káàdì ọmọ tó gbẹ̀yìn kíláàsì. Mo bi yín léèrè torí pé mo fẹ́ mọ̀. Tí ẹ bá kọ rárá, màá lọ bá Uncle, màá sì fara da ojú tí wọ́n bá fi wò mí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kí n lọ, kí ẹ tún máa jẹ mí níyà pé mo lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ìdíje náà. Mò ń retí yín.

Kẹ́mi


Weston, Toronto
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì, mo sì lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí Hameedat tó sọ ọ́ fún yín.

Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì lábẹ́ igi, wọ́n gbé ife náà lé e láàárín òdòdó, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó kan tó ń dẹ́rìn-ín pa gbogbo èèyàn ló ń pe orúkọ. Ó pe, "Ọ̀gbẹ́ni Ṣíwọlá àti ọmọbìnrin rẹ̀, Fọlákẹ́mi Ṣíwọlá." Uncle ṣí fìlà sí àwọn èèyàn. Mo mi ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí afẹ́fẹ́ kí n tó gbá a, bí ẹ ṣe máa ń ní kí n ṣe. Arúgbó yẹn rẹ́rìn-ín, ó sọ sínú ẹ̀rọ pé òun ò rí irú mímì yìí rí, ṣé bàbá mi ló kọ́ mi.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi. Mo lè dákẹ́ tí wọ́n bá ṣi orúkọ mi pè. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ẹni tó kọ́ mi.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi ló kọ́ mi. Ìbàdàn ni wọ́n wà."

Arúgbó náà gbé ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu, ó yíjú wo akọ̀wé. Akọ̀wé sún mọ́ wa, mo ṣàlàyé fún un pé nílẹ̀ wa ẹni tó bá gba ni sílé lè pe ni lọ́mọ, pé a ò pa irọ́, ṣùgbọ́n pé ohun tí òun béèrè kọ́ la dáhùn. Ó fi sùúrù gbọ́ mi. Ó ní a lè gbá a bí àlejò, wọn ò kàn ní ka ti wa mọ́ tàwọn tó kù. A sì gbá a. Uncle ń dá rìn ṣáájú mi láti ihò kan dé òmíràn. Tí mo bá ní ẹ kú ìṣe, wọ́n á wo igi.

Nígbà tí a dé ibi afárá, wọ́n jókòó, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Kẹ́mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń mú ọ wá síbí, bí bọ́ọ̀lù rẹ bá lọ dáadáa, 'bàbá mi ní' ló ń tẹnu rẹ jáde. Bàbá mi ní kí n wo ilẹ̀. Bàbá mi ní kí n má kánjú. Ọkùnrin yẹn ni mò ń bá gbá bọ́ọ̀lù, mi ò rí i rí, mi ò sì lè borí ẹ̀. Mi ò rò pé Jùwọ́n ti sọ 'bàbá mi ní' lẹ́nu rí."

Bàbá, mi ò mọ̀ pé mò ń sọ ọ́. Mo ti dójú ti àgbàlagbà tó gbà mí sílé, nítorí bàbá tí kò gbé fóònù mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe dáadáa. Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́mi Adéṣẹ́gun


Port Credit, Mississauga
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, 2025

Láti ọwọ́ Ẹnjiníà (Alàgbà) B. Ṣíwọlá

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣẹ́gun,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì kí ìyàwó yín. Mo ti kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣáájú èyí, nípa ipò mi nínú ẹgbẹ́ náà àti bí mo ṣe pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó gbà mí. Kẹ́mi kà á, ó ní kí n yọ ọ́ kúrò, pé bírò pupa lẹ máa fi dá mi lóhùn. Mo ti yọ ọ́.

Kẹ́mi lè máà mọ ohun tí akọ̀wé yẹn ń béèrè. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn dùn lẹ́nu mi, mo sì fẹ́ kí ó wà lára pátákó. Kẹ́mi ní òun gbọ́ pé ẹ̀ ń jowú mi. Ọ̀gá mi, èmi ni mo kọ́kọ́ jowú. Ẹ wà ní Ìbàdàn, ẹ ò san kọ́bọ̀, ẹ ò wọ bàtà gọ́ọ̀fù, síbẹ̀ ẹ wọ ọgbà tí mo fi ọdún púpọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún yín.

Mo mú ọmọ yín, mo dá a padà. Ẹ gbé fóònù rẹ̀. Ọmọ tó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, kò yẹ kí bàbá náà wà lẹ́yìn ilé.

Mo ní ẹ̀tọ́ láti mú àlejò wọlé. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí àwọn tó ń fúnni ní físà bá gbà, orúkọ yín ni màá fi sílẹ̀.

B. Ṣíwọlá


Àpáta, Ìbàdàn
Ọjọ́ keje, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, 2025

Ẹnjiníà, Alàgbà,

Mo kọ oyè méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo fi du yín. Ẹ kú òtútù tó ń bọ̀. Ìyàwó mi kí yín. Ó ní lẹ́tà yín kúrú, òun sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti gbé fóònù Kẹ́mi. Ohun tí a bára wa sọ, Hameedat kò gbọ́ ọ, ẹ̀yin náà kò ní gbọ́ ọ. Ẹ ṣé tí ẹ lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí ó dé. Ọpẹ́ yẹn ti pẹ́ lọ́rùn mi, ìbọ̀wọ́ yín ni mò ń fi rẹ́rìn-ín dípò rẹ̀.

Ẹ ní ẹ̀ ń jowú mi. Mo ka ìlà yẹn sókè lẹ́ẹ̀mejì fún ìyàwó mi, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ nígbà kẹta. Owú tèmi kò tíì tán o, kí n má parọ́ fún alàgbà. Lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ bá ń gbé e lọ sáàárín òdòdó yẹn, èmi á dúró láàárín ẹ̀fọ́ tí ìyàwó mi tún gbìn, màá sì máa wo aago. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí ọmọ méjì bá ń jà sí ìwé kan, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni mo máa ń mú wọn jókòó.

Nítorí náà, ẹ sún mọ́ mi. Ìgúnpá òsì yín ń tẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ọ̀pá sókè. Mo ti rí i nínú fọ́tò ẹnu géètì, mo fi sínú, inú mi sì ń dùn sí i. Ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Kẹ́mi, kì í ṣe èyí tó ní igi gígùn o, ti ọwọ̀ ni. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gbá iwájú ilé yín lówùúrọ̀ títí apá yẹn á fi nà fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò yín á wò yín. Kí wọ́n wò yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe Jùwọ́n. Ẹ má dúró de Kérésìmesì, ẹ má sì mẹ́nu ba ẹgbẹ́ kankan. Ẹ kàn sọ fún un pé tíṣà kan ní Ìbàdàn ní ìgúnpá yín kò dára. Mi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ tí kò ní nǹkan sọ.

Ó ku ti ara mi. Ní oṣù Èbìbí, ọmọ wa bi mí ní ìbéèrè kan, mo ní a ó dé ibẹ̀. A ti dé ibẹ̀: mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Omi tí ẹ ní kí èèyàn rò pé òun dà sórí koríko ibi ihò yẹn: tí apá ọ̀tún bá ga, tí apá òsì náà sì ga, ibo ló máa ń ṣàn gbà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ kó yé mi. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ti dàgbà, kì í sì í gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

O. Adéṣẹ́gun